Lẹ́búlẹ́bú Kápúsù Kò Lè Gba Ojú Abẹ Ìpá Là: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Kọmíṣọ́nnà Ètò Ìlera

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà wa fún ètò ìlera ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òndó àti Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú àbójútó. Ọ̀rọ̀ kan la mú tọ̀ yín wá. Lójú ẹni tí kò sí nídìí ẹ̀, ó lè dà bí ohun tí kò tó kọ lẹ́tà sí: oògùn apakòkòrò (antibiotic) tí wọ́n ń bù, tàbí tí wọ́n ń fi pa ojú abẹ nígbà tí wọ́n bá tún ìpá ṣe tán. A fẹ́ kí ẹ dá a dúró ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó wà lábẹ́ yín, kí owó tó ń bá a lọ sì di ti àwọn nǹkan tí kì í jẹ́ kí egbò kẹ̀ ní tòótọ́.

Ìpá tí à ń wí ni ti ìfun tàbí ọ̀rá inú tó gba ibi tó ti dẹ̀ lára iṣan ikùn yọ síta, yálà níbi tí ikùn ti pàdé itan tàbí ní ìdodo. Ìpá olómi ọ̀tọ̀.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n ti rán awọ tán. Ẹnì kan á mú kápúsù aláwọ̀ méjì, pupa-àti-yẹ́lò tí tọmọdé tàgbà mọ̀, á fi ìka yí i, á fà á ya sí méjì, á wá gbọn ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sórí ìlà abẹ bí ẹni ń bu iyọ̀ sórí ẹyin. Á fi gọ́ọ̀sì bò ó, á sì lẹ plásítà mọ́ ọn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ìyẹ̀fun náà ti po pọ̀ mọ́ omi tó ń sun lójú abẹ, ó ti gbẹ, ó ti le gbagidi bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ etí ìkòkò. Bóyá awọ abẹ́ rẹ̀ pọ́n ni o, bóyá ọyún ti ń kó jọ níbẹ̀ ni o, kò sẹ́ni tó lè rí i. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ ṣí i wò, ó di dandan kó fi omi rin ín kó sì ha á, ojú tó ti fẹ́ jinná á tún ya.

Ikùn ni wọ́n ṣe kápúsù fún. Oògùn nìkan kọ́ ló wà nínú rẹ̀: wọ́n fi ohun àpòpọ̀ bíi sítáàṣì tàbí lákítóòsì kún un kó lè pọ̀, wọ́n sì fi ohun tí kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ sí i. Kò sẹ́ni tó sè é títí kòkòrò inú rẹ̀ fi kú tán, torí ohun tí a ń gbé mì kò nílò ìyẹn. Ìyẹn ni pé nǹkan tí kò mọ́ tó la ń bù sórí ojú abẹ tí gbogbo ènìyàn tíátà ti fi wákàtí kan tọ́jú kó lè mọ́.

Ibòmíràn wà tí wọn kì í lo kápúsù. Ìpara tó ní neomycin tàbí bacitracin ni wọ́n ń lò, tàbí kí wọ́n já ìgò gentamicin sínú egbò kí wọ́n tó rán an, tàbí kí wọ́n bu ìyẹ̀fun ceftriaxone tó yẹ kí wọ́n fi omi pò kí wọ́n gún sínú iṣan. Àwọn wọ̀nyí mọ́ ju kápúsù lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè wọ́n: kí ni wọ́n ń ṣe fún aláìsàn?

A ò ní purọ́ fún yín pé wọn kì í ṣe nǹkan kan. Lọ́dún 2016, ẹgbẹ́ Cochrane, àwọn tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ yẹ̀ wò, kó ìwádìí 14 jọ, tí ènìyàn 6,466 wà nínú wọn, lórí oògùn apakòkòrò tí a ń fi sójú egbò tí a ti rán pa. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé ó ń dín kíkẹ̀ kù, nǹkan bí ogún ènìyàn nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ìpara á di ìwé yìí mú, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kó kà á dópin. Oríṣiríṣi iṣẹ́ abẹ ni wọ́n pa pọ̀ níbẹ̀, iṣẹ́ abẹ awọ lásán wà lára wọn. Kò sí ìkankan nínú ìwádìí náà tó wọn bóyá kòkòrò ń ti ara oògùn yìí di èyí tí oògùn ò ràn mọ́. Ojú abẹ ìpá sì wà lára àwọn tó mọ́ jù lọ: wọn kì í la ìfun, wọn kì í la ibi tí ìtọ̀ ń gbà, àyàfi tí ìpá bá fún ìfun pa. Níbi tí ogún nínú ẹgbẹ̀rún bá máa kẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá fi ìṣirò ìwé yẹn kan náà ṣe é, nǹkan bí mẹ́jọ ni oògùn náà á yọ. Nítorí àwọn mẹ́jọ yẹn, ẹgbẹ̀rún kan la máa pa lóògùn.

Ìwádìí kan tún wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1996. Wọ́n kó ènìyàn 922 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún, wọ́n fi bacitracin pa egbò àwọn kan, wọ́n fi fásílínì lásán pa ti àwọn yòókù. Kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣeé gbára lé láàárín wọn ní ti kíkẹ̀. Àwọn tó lo bacitracin la rí tí ara kọ̀ ọ́, tí awọ wọn wú tó sì ń yún wọn. Neomycin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé awọ tó pọ́n tó sì ń yún nítorí ìpara jọ egbò tó fẹ́ kẹ̀ gan-an. Dókítà tó bá rí i á tún kọ oògùn apakòkòrò míràn lé e.

Ìdí nìyí tí àwọn tó ń kọ òfin iṣẹ́ yìí fi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ìlànà CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2017 ní kí wọ́n má fi ìpara, omi tàbí ìyẹ̀fun apakòkòrò sójú abẹ láti fi dènà kíkẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní Bìrìtìkó, lọ́dún 2019 sọ ohun kan náà nípa egbò tí a ti rán pa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ṣáájú wọn, lọ́dún 2016, pé kí wọ́n má fi omi oògùn apakòkòrò fọ inú egbò kí wọ́n tó rán an. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tó ń ṣe bacitracin alábẹ́rẹ́ kó o kúrò lọ́jà torí ó ń ba kíndìnrín jẹ́, ó sì ń fa kí ara kọ oògùn lọ́nà tó lè pani. Àwọn oníṣẹ́-abẹ kan ti ń dà á sínú egbò kó tó di ìgbà náà.

Ẹ tún wo ibi tí ewu wà gan-an. Lásìkò yìí, àwọ̀n (mesh) la fi ń dí ojú ìpá àgbàlagbà. Àwọ̀n náà wà lábẹ́ awọ, lábẹ́ ọ̀rá, lábẹ́ awẹ́ iṣan tó le. Kòkòrò tó máa bà á jẹ́, ní àkókò tí ara ṣí sílẹ̀ ló wọlé, láti ara awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ti bà lé okùn àwọ̀n, á hun ìbora kan bo ara rẹ̀ tí oògùn kò ní rí ibi gbà wọlé. Ìyẹ̀fun tí wọ́n bù sórí awọ tí wọ́n ti rán pa kò lè dé ibẹ̀ láéláé. Ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Nítorí náà, wákàtí tó ṣáájú ọ̀bẹ ni iṣẹ́ wà.

Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Cefazolin, gíráàmù 2, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ìṣẹ́jú 30 sí 60 kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Ẹni tó bá wọn kílò 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gíráàmù 3. Bí iṣẹ́ bá kọjá wákàtí mẹ́rin látìgbà tí wọ́n gún un, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó dànù bá ju lítà kan ààbọ̀ lọ, kí wọ́n tún un gún. Ẹni tí penicillin ti ń bá jà títí dé bí ẹni máa kú, tí wọn ò sì fẹ́ fi cefazolin dán an wò, clindamycin mílígíráàmù 900 wà fún un. Ọmọdé tí wọ́n kàn dí ihò ìpá rẹ̀ láìlo àwọ̀n kì í sábàá nílò èyíkéyìí.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ kò pamọ́. Wọ́n á kọ abẹ́rẹ́ sínú ìwé aláìsàn ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì á gún un ní aago méje àárọ̀ torí iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kó gún un kó lè lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Iná á lọ, dísù jẹnẹrétọ̀ á tán, ẹni tó ṣáájú á pẹ́ lórí tábìlì, aláìsàn wa á wọ tíátà ní aago méjìlá. Cefazolin kì í dúró lára pẹ́: kí wákàtí méjì tó pé, ìdajì rẹ̀ ti jáde. Nígbà tí ọ̀bẹ fi máa balẹ̀, díẹ̀ ló kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún kò ná yín ní kọ́bọ̀: kí òfin sọ pé inú tíátà ni wọ́n ti máa gún un, lọ́wọ́ ẹni tó ń kun aláìsàn lóorun tàbí tó ń gún abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n sì kọ aago rẹ̀ sára pátákó.

Tí wọ́n bá sì ti rán awọ pa, ó tán. Ceftriaxone ọjọ́ márùn-ún tí wọ́n ń kọ fún aláìsàn ìpá kó tó lọlé kò sí lára ohun tó ń dènà kíkẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ̀ ọ́. Ceftriaxone wà lára oògùn tí àjọ náà ní ká máa ṣọ́ lò, cefazolin wà lára èyí tó yẹ kó wà lárọ̀ọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Nílé oògùn wa, òdìkejì rẹ̀ la ń bá: ceftriaxone kún pẹpẹ, wọ́n á ní kí ẹbí aláìsàn lọ wá cefazolin níta. Ẹ ra cefazolin sínú ilé ìkóoògùnsí ìpínlẹ̀. Tí ẹ ò bá ṣe nǹkan míràn nínú gbogbo ohun tí a kọ síbí, ẹ ṣe èyí.

Lẹ́yìn ìyẹn, irun. Àwọn aláìsàn wa máa ń fá irun abẹ́ wá láti ilé torí ojú ń tì wọ́n. Abẹ ìfárí máa ń gé awọ wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò lè rí, inú àwọn ojú gígé yẹn ni kòkòrò á sùn mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ fún wọn ní kíláníìkì pé kí wọ́n fi irun sílẹ̀ bó ṣe wà. Tó bá dí ọ̀nà, kílípà oníná la fi ń gé e, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. Ìwẹ̀ náà kò le: alẹ́ tó ṣáájú àti àárọ̀ ọjọ́ náà, ọṣẹ lásán tó.

Ti ìdodo gba sùúrù ju ti abẹ́ ikùn lọ. Ìdodo ẹlòmíràn jin bí ihò ọpọ́n ayò, ìdọ̀tí ọdún mẹ́wàá sì lè wà nísàlẹ̀ rẹ̀, dúdú, ó ń rùn, ó lẹ̀ mọ́ awọ. Bí wọ́n bá kàn nu òkè ikùn tí wọn ò yọ ìyẹn, ọ̀bẹ á gbà á kọjá. Kí nọ́ọ̀sì ki òwú tó rin sínú rẹ̀ lálẹ́ tó ṣáájú kí ìdọ̀tí náà lè rọ̀, kó sì máa yí òwú nínú rẹ̀ títí èyí tó jáde kẹ́yìn á fi funfun.

Ní ti oògùn tí wọ́n fi ń nu awọ, chlorhexidine inú ọtí líle ni Àjọ Ìlera Àgbáyé yàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí FALCON tó jáde lọ́dún 2021, tó kó ènìyàn 5,788 jọ ní ilé ìwòsàn 54 lórílẹ̀-èdè méje, tí Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn, kò rí ìyàtọ̀ láàárín òun àti povidone-iodine. Iṣẹ́ abẹ ikùn tí ojú rẹ̀ kò mọ́ bíi ti ìpá ni wọ́n wò, òótọ́ ni. Síbẹ̀ lójú tiwa, ilé ìwòsàn tí kò rí chlorhexidine rà kò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀ ti tíátà pa. Kó fi povidone-iodine nu awọ dáadáa, kó jẹ́ kó gbẹ. Èyí tó bá sì ní ọtí nínú, ìṣẹ́jú mẹ́ta ó kéré tán kó tó gbẹ, kó má sì ṣàn wọ abẹ́ aṣọ aláìsàn. Ọtí tó rọ́ jọ sábẹ́ aláìsàn, tí iná ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró (diathermy) bá ta sí i, á gbiná.

Àwọ̀n ni kí wọ́n ṣí kẹ́yìn. Kí ẹni tó máa mú un pàrọ̀ ìbọ̀wọ́ kó tó fọwọ́ kàn án, kó má gbé e lé awọ, kó gbé e láti inú pálí lọ sí ibi tó máa wà. Ìwádìí ChEETAh tó jáde lọ́dún 2022 jẹ́ kí a mọ bí ìbọ̀wọ́ tuntun ṣe lágbára tó: ènìyàn 13,301 ní ilé ìwòsàn 81, Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀ náà. Níbi tí wọ́n ti pàrọ̀ ìbọ̀wọ́ àti irinṣẹ́ kí wọ́n tó rán ikùn pa, kíkẹ̀ jẹ́ ìdá 16.0 nínú ọgọ́rùn-ún, níbi tí wọn ò ti pàrọ̀ ó jẹ́ 18.9. Wọn kò fi ìpá tó mọ́ kún un, àmọ́ ìpá tó fún ìfun pa jẹ́ ìyekan àwọn tí wọ́n wò. Ìbọ̀wọ́ kan ò wọ́n ju páálí kápúsù lọ.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé ó yẹ kí nǹkan kan wọ inú egbò kí wọ́n tó rán an, ọ̀nà kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò fi agbára sọ ọ́: povidone-iodine olómi, èyí tí kò ní ọtí. Mílílítà 17.5 ti oní-10% nínú omi iyọ̀ mílílítà 500 máa fún wa ní nǹkan bí 0.35%. Kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí wọ́n fi omi iyọ̀ ṣàn án kúrò. Ìgò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ni o, kì í ṣe èyí tó ti ń dúró láìdérí lórí tábìlì wọ́ọ̀dù láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Oògùn yìí kì í ṣe oògùn apakòkòrò tí kòkòrò ń yára kọ́ bí a ṣe ń borí.

Lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n fi gọ́ọ̀sì gbígbẹ bo ojú abẹ, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí 48. Ṣíṣí i lójoojúmọ́ láti "wò ó" wà lára ohun tó ń kó kòkòrò bá a. Tí wákàtí 48 bá pé, aláìsàn lè dúró wẹ̀, kó jẹ́ kí omi ṣàn kọjá, kó fi aṣọ tó mọ́ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Kò sí àdí, kò sí ìpara gbígbóná, kò sí àgbo tí wọ́n ń fi ra á.

Ohun kan ń ṣi gbogbo ènìyàn lọ́nà: omi tó ń kó jọ síbi tí ìpá wà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí èkejì, ibẹ̀ lè tún wú, aláìsàn á pariwo pé ìpá ti padà. Tó bá rọ̀, tí kò gbóná, tí awọ rẹ̀ kò pọ́n, tí ara kò sì gbóná, omi lásán ni, ara á fà á mu láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ láti fà á, òun gan-an ló máa gbé kòkòrò dé ara àwọ̀n. Èyí tó kẹ̀ ní tòótọ́ á gbóná, á pọ́n, á máa le sí i lójoojúmọ́, ọyún á yọ. Tú okùn díẹ̀, jẹ́ kí ọyún jáde, mú díẹ̀ lọ sí láàbù. Bí pípọ́n náà bá tàn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tàbí tí ara bá gbóná ju 38.5°C lọ, ìgbà yẹn ni oògùn apakòkòrò wọ̀ ọ́, láti ẹnu tàbí láti iṣan ẹ̀jẹ̀. Tirẹ̀ kì í ṣe ti ìyẹ̀fun.

Ohun tó kù ni kíkà. Ìlànà ìpá àgbáyé ti ọdún 2018 sọ pé níbi tí kíkẹ̀ bá ti ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kí wọ́n fún gbogbo ẹni tí wọ́n fi àwọ̀n sí lára ní abẹ́rẹ́ kan yẹn. Níbi tó bá kéré, ẹni tí ara rẹ̀ le kò nílò rẹ̀. Ilé ìwòsàn tí kì í ka iye egbò tó kẹ̀ kò lè mọ apá ibi tí òun wà. Kó máa fún wọn ní abẹ́rẹ́ náà títí tó fi máa mọ̀. Ìwé kan tó ti tíátà wá tó: ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, aago abẹ́rẹ́ àti aago ọ̀bẹ, àwọ̀n wà tàbí kò sí, àti nọ́ńbà fóònù aláìsàn. Nọ́ọ̀sì kan á pè é ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, á tún pè é ní ọjọ́ 30. Ẹni tó ní àwọ̀n lára, á pè é ní ọjọ́ 90, torí àwọ̀n tó kẹ̀ kì í yára jẹ́wọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni: ṣé ó pọ́n, ṣé ọyún jáde, ṣé wọ́n tún fún un lóògùn níbòmíràn?

Ẹ fún wa ní oṣù mẹ́fà irú ìwé bẹ́ẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba kan péré ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a ó sì bá yín jókòó kà á.

Àwa tiyín lẹ́nu iṣẹ́,
Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá iṣẹ́-abẹ